Ìṣínu Ẹ̀wà Sóyà

Ọjọ́ Ajé, 24 Nòfẹ́ńbà 1986

Ìwé tuntun. Ìwé omi jẹ́ ti Dókítà, èyí jẹ́ tèmi. Ohun tí kò bá lè wọ tọ̀hún, ibí ni yóò máa sùn.

A gbin sóyà lónìí ní oko ìwádìí. Abala mẹ́rìnlélógún: ìlà mẹ́rin, abala mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Mítà mẹ́ta ní gígùn, méjì ní ìbú. Èmi di okùn mú, Bàbá Àtàndá ń gbẹ́ ihò tẹ̀ lé e. Ará Ìwó ni Bàbá. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ṣe lébìrà níbí, Júùnù tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń roko, òun kò rí ẹ̀wà tí wọ́n fi rúlà gbìn rí. "Akọ̀wé, bí èyí bá hù kúrò lójú ìlà, ṣé ẹ máa nà án ni?" Mo yíjú sẹ́yìn kó má baà rí ẹ̀rín mi.

Ohun tí Dókítà Ọ̀ṣuntọ́lá fẹ́ mọ̀ kò lọ́jú pọ̀. Òjò ti lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Omi mélòó ni sóyà nílò kó tó so dáadáa? Àti ajílẹ̀ pupa — pọtáṣíọ̀mù lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àwọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wa fi ń pè é — ṣé ó lè jẹ́ kí ẹ̀wà fi omi díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀? Nítorí náà, omi máa jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Ìdajì abala ní pupa, ìdajì kò ní.

Iṣẹ́ tèmi: ka omi, wọn ilẹ̀, kọ ọ́. Dókítà ní, "Kíkẹ́lọmọ, bíírò ni o, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Bí o bá ṣì í kọ, fi ìlà kan ṣoṣo gé e, kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má fi nǹkan kan bò ó mọ́lẹ̀." Obìnrin kúkúrú, ohùn kékeré, kì í sọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ní bí mo bá gbé ìwé náà dé ìkórè tí òun sì lè fọkàn tán an, òun yóò kọ lẹ́tà kí wọ́n sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi. Kí n yé jẹ́ "fún ìgbà díẹ̀".

Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi jókòó ti ìyá mi nídìí irú ní Ìlare lẹ́yìn ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì. Ìwé yìí máa mọ́. Mo búra.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Nòfẹ́ńbà

Ó ti hù! Mo yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Mo fi bàtà ìsìn kó yẹ̀pẹ̀ wálé, ìyá mi sọ̀rọ̀ títí di ìgbà oúnjẹ.

Ọjọ́ Ajé, 22 Dìsẹ́ńbà

Gbogbo wọn ti ń mu omi bákan náà láti ọjọ́ yìí. Lọ́la ni ìyàtọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ omi. Àwọn kan: garawa mẹ́rin fún abala kan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn mẹ́jọ lọ́sẹ̀. Àwọn kan: méjì lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rin lọ́sẹ̀. Àwọn tó kù: òfo. Títí di ìkórè.

Ògúndèjì tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ omi, tó ń fa omi odò sínú táńkì, béèrè lọ́wọ́ Dókítà pé kí ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ìyẹn. Dókítà ní, "Wọn kò ṣẹ̀. Àwọn ni ẹlẹ́rìí wa. Bí n kò bá rí ẹni tí kò mu rárá, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ohun tí omi ṣe fún ẹni tó mu?"

Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹlẹ́rìí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ omi, kí garawa tó kan ilẹ̀, mo gbọ́dọ̀ ti wa erùpẹ̀ díẹ̀ ní abala kọ̀ọ̀kan sínú agolo. N ó wọ̀n ọ́n, n ó yan án nínú ẹ̀rọ gbígbóná títí omi ara rẹ̀ yóò fi tán, n ó tún un wọ̀n. Ohun tó dín ni omi tó wà nínú ilẹ̀.

Mo ṣàlàyé fún ìyá mi. Ó da ewé irú sílẹ̀, ó wò mí. "Àtọ́kẹ́, ẹ gbin ẹ̀wà, ẹ wá fẹ́ fi òùngbẹ pa á, kí ẹ lè mọ̀ pé òùngbẹ ń pa ẹ̀wà?" Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní ó dáa, òun gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 25 Dìsẹ́ńbà

Kérésì. Ìrẹsì, adìẹ, àlejò. Mo ń ro ti abala kẹrìnlá, ọ̀kan nínú àwọn tí kò mu omi.

Ọjọ́ Ajé, 29 Dìsẹ́ńbà

Mo ti sọ àwọn abala lórúkọ, láti orí àwọn tó ń mu jù dé àwọn tí kì í mu rárá. Alámuyó. Alábọ̀. Aláàwẹ̀. Nínú ìwé yìí nìkan ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ó já bọ́ lẹ́nu mi lónìí lábẹ́ igi kajú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Ògúndèjì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àtàndá náà rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ máa ń gbààwẹ̀ lọ́jọọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, kì í ṣe ti Ràmàdánì, èyí tó ń fi ìfẹ́ ara rẹ̀ gbà ni. Ẹ̀kọ tó bá tọ́ sí i lọ́jọ́ méjèèjì, ikùn Ògúndèjì ló ń lọ. Ògúndèjì ní òun ń gbàdúrà kí Ọlọ́run fi kún ààwẹ̀ Bàbá.

Bàbá wá bi mí pé, "Aláàwẹ̀ ọ̀hún, ìgbà wo ni wọ́n ń ṣínu?"

Mo ní, "Wọn kì í ṣínu, Bàbá. Ó di ìgbà ìkórè."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo apá ibi tí ìlà kẹta wà fún ìgbà pípẹ́, ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Jánúárì 1987

Ọdún yabo. Ètè mi ti là nítorí ọyẹ́. Alámuyó ti yọ òdòdó! Àwọ̀ àlùkò, kékeré bí orí ìṣáná. Mo kúnlẹ̀ kí n tó rí i.

Omi inú ilẹ̀ àwọn Aláàwẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún: ìlà kìíní 6, ìlà kejì 6, ìlà kẹta 8, ìlà kẹrin 9. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Bóyá erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ oko ló yàtọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Jánúárì

Ìlà kìíní 5, kejì 5. Ìkẹta 9, ìkẹrin 9. Mo tún un wọ̀n. Mo nu òṣùwọ̀n. Mo tún un wọ̀n. 9.

Ọjọ́ Ẹtì, 9 Jánúárì

Ọ̀sán gangan, mo rìn ká oko. Àwọn Aláàwẹ̀ ìlà kìíní àti ìkejì ti ká ewé wọn sókè, ikùn ewé ń hàn funfun. Ti ìlà kẹta àti ìkẹrin tẹ́ ewé sílẹ̀ bí ẹni tó jẹun tán tó ń wá ibi tí yóò fẹ̀yìn lé.

Mo tún rí nǹkan mìíràn, èyí dùn mọ́ mi: àwọn tó ní pupa kì í tètè ká ewé bí àwọn tí kò ní. Ní ìlà kìíní, èyí tí kò ní pupa ká ewé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ní pupa dúró di aago méjìlá kọjá. Òfo ni omi àwọn méjèèjì o. Mo fi aago ọwọ́ wò ó ni.

Ògúndèjì ń ráhùn pé omi táńkì ń dín. Ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ ni. Mo ní ọ̀kẹ́rẹ́ wo ló lè mu tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ Ifẹ̀ ni, kì í ṣe kékeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Jánúárì

5, 5, 9, 10. Dókítà wà ní Ìbàdàn fún ìpàdé, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé. Ó máa béèrè ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Jánúárì

Mo ṣe nǹkan kan.

Ìlà kẹta jẹ́ 9. Mo kọ 6. Ìkẹrin jẹ́ 10. Mo kọ 6. Mo sọ fún ara mi pé 6 ló yẹ kó jẹ́, òṣùwọ̀n ló ń ṣe wèrè, ta ni yóò gba omi tí kò sí ẹni tó bù ú gbọ́? Ìwé náà rẹwà lẹ́yìn tí mo kọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ tò létòlétò.

Ọwọ́ mi ń rùn sí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Jánúárì

Mo bá ìyá mi fọ irú. Mi ò sọ̀rọ̀. Ó ní ṣé ibà ni.

Ọjọ́ Ajé, 19 Jánúárì

Mo débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ṣí ìwé omi sí 16 Jánúárì. Ìlà kan lórí 6 àkọ́kọ́, ìlà kan lórí èkejì. Mo kọ 9, mo kọ 10. Mo kọ orúkọ mi. Ó burẹ́wà. Ojú ewé kan ṣoṣo tí àpá wà lára rẹ̀ nínú gbogbo ìwé náà.

Mo wá rí ọ̀nà láti mí. Lẹ́tà tí Dókítà ṣèlérí lè ti bá àpá náà lọ.

Ọjọ́rú, 21 Jánúárì

Mo fi orí ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá tutù ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ti Ọjọ́ Ẹtì, ẹnì kan ń bu omi sí i kí ó tó di àárọ̀ yẹn. Nítorí náà mo wọn ilẹ̀ lónìí, ọjọ́ tí wọn kò rán mi. Ìlà kẹta: 7. Lánàá, 9 ni. Ó ń gbẹ. Nítorí náà, bó bá tún di 9 lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀la ni omi yóò dé. Àṣálẹ́ ọjọ́ Ajé, àṣálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ta ló ń gbààwẹ̀ ní Ajé àti Ọjọ́bọ̀?

Mo jókòó lórí garawa kan. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 22 Jánúárì

Mo ní mo gbàgbé agolo, mo padà sí oko bí oòrùn ti ń wọ̀. Mo dúró sẹ́yìn ilé ẹ̀rọ.

Bàbá ṣe àlùwàlá lẹ́nu táńkì. Ó kírun Mọ̀gàríbí lórí àpò ajílẹ̀. Ó jẹ dàbínù mẹ́ta, ó mu omi. Lẹ́yìn náà ó pọn garawa kan, ó rọra gbé e lọ sí Aláàwẹ̀ ìlà kẹta, ó ń fi igbá bù ú sí ìdí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣínu o. Ẹ ṣínu. Ọlọ́run á gbà á." Garawa kan fún abala kọ̀ọ̀kan. Abala mẹ́rin. Nígbà tó parí, ó yọ èkùrọ́ mẹ́rin lápò, ó jù wọ́n sínú agolo mílíìkì tó so mọ́ ẹ̀ka kajú. Kó, kó, kó, kó.

Mo jáde. Kò tilẹ̀ ta gìrì. Ó ní, "Akọ̀wé, ojú rẹ ti ń wò mí láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé o máa wá."

Mo bi í pé èé ṣe. Ó ní, "Ààwẹ̀ tí kò ní ìṣínu, ààwẹ̀ kọ́ nìyẹn, ìyà ni. Mi ò lè máa mu omi níwájú ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ọmọ ènìyàn ni, ẹ̀wà ni, ọ̀kan náà ni lójú mi." Mo bi í pé ìlà kìíní àti ìkejì ńkọ́. Ojú tì í. Ó ní orókún òun kò lè gbé garawa gun òkè débẹ̀. Ó ní òun ti bẹ̀ wọ́n.

Mo fẹ́ bínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo sunkún. Bàbá fún mi ní dàbínù kan.

Mo bi í pé kí ni èkùrọ́ wà fún. Ó yà á lẹ́nu pé mo lè béèrè irú ìyẹn. "Omi tí mo bù, ṣé ti bàbá mi ni? Ẹni tó bá bu omi tí kì í ṣe tirẹ̀, ó yẹ kó mọ iye tó bù."

Mo kà á. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Láti ọjọ́ kìíní ọdún, ìgbà méje, abala mẹ́rin-mẹ́rin. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò dín.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Jánúárì

5, 5, 9, 9. Mo kọ ọ́ bó ṣe wà.

Bí mo bá sọ, wọ́n lè lé Bàbá lọ nígbà tó ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìn tì. Bí n kò bá sọ, gbogbo ohun tí mo ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Èmi náà ni mo sọ wọ́n ní Aláàwẹ̀. Ká ní mo pa ẹnu mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 25 Jánúárì

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi bí ẹni pé ti ọ̀rẹ́ mi kan ni. Kò tàn án jẹ rárá. Ó ní, "Irú tí kò jinná, a kì í wé e léwé kó sì di èyí tó jinná. Ẹni tó bá rà á máa tú u." Ó wé méjì sí i. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní 'irú mi kò jinná lónìí', mo máa ń padà lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la."

Lọ́la ni n ó sọ fún Dókítà.

Ọjọ́ Ajé, 26 Jánúárì

Mo dé ẹnu ọ̀nà Dókítà ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìwé omi lábẹ́ apá mi. Ta ni mo bá lórí bẹ́ńṣì? Bàbá Àtàndá. Ó wọ dàńṣíkí tó máa ń wọ lọ Jímọ̀. Agolo mílíìkì lórí itan rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ sílé. Èmi ló ni ọ̀rọ̀ yìí, ìwé mi ni."

Ó ní, "Ìwé rẹ ni, garawa mi ni. Jókòó jẹ́ẹ́."

Dókítà bá wa lẹ́nu ìjà tí à ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ jà. Ó ní ká wọlé. Bàbá da èkùrọ́ sórí tábìlì, ọ̀kan yí bọ́ sílẹ̀, gbogbo wa dúró títí mo fi rí i lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí Bàbá kò ní sọ̀rọ̀ bí kò bá pé méjìdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó sọ gbogbo rẹ̀. Èmi náà sọ tèmi, àti 6 tí mo kọ dípò 9.

Dókítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́, ó tún bọ́ ọ. Ó ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan di Ọjọ́rú. Ó gba ìwé omi lọ́wọ́ mi.

Ó gba ìwé omi lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Jánúárì

Ọjọ́ omi, Dókítà fúnra rẹ̀ ló dúró ka garawa. Kò wò mí. Ògúndèjì kò tilẹ̀ dá àpárá kan.

Ọjọ́rú, 28 Jánúárì

Ó pe àwa méjèèjì. Ó kọ́kọ́ bínú. Ó bínú dáadáa, pẹ̀lú ohùn kékeré yẹn, èyí tó burú ju igbe lọ. Ó ní ẹlẹ́rìí mẹ́jọ ni òun ní, Bàbá ti sọ mẹ́rin di nǹkan mìíràn. Bàbá dọ̀bálẹ̀. Dókítà ní kó dìde, kó dìde, ọjọ́ orí rẹ̀ kò gba ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ó fa ìwé kan yọ. Ó ti ya oko náà. Ó ní ẹlẹ́rìí mẹ́rin kù lókè, wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n wà. Àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀, garawa kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Garawa méjì lọ́sẹ̀. Ìdajì ti Alábọ̀ nìyẹn! Méjì nínú wọn ní pupa, méjì kò ní. "Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń da omi síbẹ̀ bó ṣe wù yín ni, Bàbá, ǹ bá ti tu gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kà á."

Ó ní kí Bàbá máa bá a lọ, ọjọ́ kan náà, garawa kan náà, kí n máa wà níbẹ̀, kí n máa kọ ọ́. Ó ní ti lẹ́tà mi, òun kò tíì lè sọ. Kí ìkórè dé.

Ó dá ìwé omi padà fún mi. Mo fi aṣọ mi nù ún, kò sì dọ̀tí.

Ọjọ́bọ̀, 29 Jánúárì

Garawa mẹ́rin, èkùrọ́ mẹ́rin, bíírò kan. Bàbá ní òun kò rí ìṣínu tó ní akọ̀wé rí.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Fẹ́búárì

Ìṣínu — orúkọ wọn nìyẹn báyìí, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní Aláàwẹ̀ mọ́ — ti ń so. Àwọn tó ní pupa nínú wọn so débi pé mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá wo pupa nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ní kì í ṣe nǹkan tuntun. Ibi tí wọ́n bá ti sun èèpo kòkó ní oko àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú, gbogbo ohun tó bá hù níbẹ̀ kì í tètè rọ lẹ́ẹ̀rùn. Mo sọ fún Dókítà. Ó dúró. Ó ní, "Eérú kòkó? Pọtáṣíọ̀mù ló kún inú rẹ̀." Ó kọ ọ́ sí ìwé ara rẹ̀! Ó ní kí Bàbá tún un sọ. Bàbá tún un sọ, pẹ̀lú ìtàn ìyá ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́ṣẹ, wákàtí kan gbáko.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Fẹ́búárì

Òjò! Rárá o, kì í ṣe nísinsìnyí! Ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò tó mílímítà méjì. Ògúndèjì ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ fi bo ìlà kìíní. Ó dúró láàárín oko ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò. Èmi àti Dókítà rẹ́rìn-ín pọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́ Ajé, 9 Máàṣì

Ìkórè. Ọwọ́ mi há. Abala kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀, káàdì nínú, káàdì níta. Kò sí àpò tó pàdánù orúkọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Máàṣì

A lù ú, a fẹ́ ẹ, a wọ̀n ọ́n. Mo kọ ọ́ síbí pẹ̀lú, kí n lè máa rí i. Gíráàmù, fún abala kan, bí a bá pín in dọ́gba:

Alámuyó láìsí pupa 1,340. Pẹ̀lú pupa 1,460.
Alábọ̀ láìsí pupa 900. Pẹ̀lú pupa 1,170.
Ẹlẹ́rìí òkè, tí kò mu rárá, 260. Pẹ̀lú pupa 390.

Ó wá ku Ìṣínu. Bàbá ní kí n má sọ ọ́ kíákíá, kí n jẹ́ kí òun jókòó. Láìsí pupa, 480. Pẹ̀lú pupa —

810!

Alábọ̀ tí kò ní pupa mu garawa mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó so 900. Ìṣínu tó ní pupa mu méjì, ó so 810. Dókítà dúró nídìí òṣùwọ̀n náà. Ó ní abala méjì kò tó láti fi búra, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ níta. Lẹ́yìn náà ó tún un wọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó ní ẹni tí omi pọ̀ fún, pupa kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò ní rárá, kò sí ohun púpọ̀ tí pupa lè dì mú fún un. Àárín ni agbára rẹ̀ wà, níbi tí omi díẹ̀ wà ṣùgbọ́n tí kò tó.

Ọjọ́ Ajé, 16 Máàṣì

Dókítà fún wa ní sóyà etí oko tí kò sí nínú ìṣirò. Ìyá mi fi ṣe irú. Ó ní irú wo ni kì í ṣe igi irúgbá ló bí i. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Ó ní, "Mélòó ni ẹ gbìn?"

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Máàṣì

Dókítà ní kí n wá, èmi nìkan.

Ìwé omi ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀. 16 Jánúárì. Àwọn 6 méjì mi pẹ̀lú ìlà lórí, orúkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ti ń padà sídìí irú ìyá mi nínú ọkàn mi.

Ó ní, "Kíkẹ́lọmọ, ṣé o mọ ìdí tí mo fi gba ojú ewé yòókù gbọ́?" Mo ní rárá, mà. Ó gbé ìka lé àpá náà. "Nítorí èyí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó gboyè jù ọ́ lọ. Ìwé wọn máa ń mọ́. Mi ò mọ ohun tó wà lábẹ́ mímọ́ yẹn."

Ó ti kọ lẹ́tà náà ní Ọjọ́rú. Ó ti ṣe ẹ̀dà ojú ewé yẹn, ó so ó mọ́ lẹ́tà. Àpá mi ti wà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gbani síṣẹ́ láti ọjọ́ méjì, èmi kò mọ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí i! Ìbẹ̀rẹ̀ Épíríìlì.

Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde, mo ní iṣẹ́ fún ọ," ó sì tẹ́ àwòrán oko ọdún tó ń bọ̀. Abala méjìlélọ́gbọ̀n. Omi oríṣi mẹ́rin báyìí. Ó fi lẹ́tà òyìnbó kọ mẹ́ta. Èyí kẹrin, ó kọ ọ́ ní Yorùbá: Ìṣínu.

Ọjọ́ Ajé, 23 Máàṣì

Dókítà bẹ Bàbá pé bó bá ti fẹ̀yìn tì ní Júùnù, kó padà wá ní Nòfẹ́ńbà, iṣẹ́ ojoojúmọ́, kó wá máa bu omi. Bàbá ní òun gbà, ṣùgbọ́n ohun kan: kí wọ́n wá ẹlòmíràn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí kì í mu rárá. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Dókítà. Bí ẹ bá fi mí sọ́dọ̀ àwọn yẹn, orókún mi lè yá lójijì." Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì. Ògúndèjì ní òun yóò máa ṣọ́ wọn, òun kò ní àánú.

Ajé ni òní. Mo dúró di ìgbà tí oòrùn wọ̀. Oko ti ṣófo, pòròpórò nìkan ló kù. Bàbá kírun, ó jẹ dàbínù, ó mu omi ife kan tí mo pọn fún un. Lẹ́yìn náà ó yọ èkùrọ́ kan lápò, ó jù ú sínú agolo.

Mo ní, "Bàbá, kò sí ẹ̀wà mọ́. Ta lẹ ka ìyẹn fún?"

Ó ní, "Ti ara mi ni. Èmi náà ṣínu."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹnu táńkì, 23 Máàṣì, omi, ife kan.